Erékùṣù Tí Àlejò Ń Wọ́ Lọ, Tí Ọmọ Ibẹ̀ Ń Fi Sílẹ̀

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní tọkọtaya òyìnbó kan níbi iṣẹ́ òun ti ta ilé wọn, wọ́n ń kó lọ sí erékùṣù kékeré kan nínú òkun Kàríbíánì, torí pé ìgbà kan tí wọ́n lọ wo ẹja lábẹ́ omi níbẹ̀ ni ọkàn wọn ti dúró síbẹ̀. Ó wá ní: "Prof, ìyà ló lé àwa kúrò nílé. Kí ló wá ń lé àwọn yìí?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ yín ní ìdí tí èèyàn fi ń ṣí kúrò níbìkan lọ síbòmíràn, síbẹ̀ n kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ báyìí.

Mo mọ irú erékùṣù tó ń sọ. Ní 2018, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Netherlands àti ọkọ rẹ̀ mú èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sí Bonaire fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bonaire kò tóbi rárá. Gbogbo rẹ̀ kò ju 288 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, nǹkan bí 80 kìlómítà ló sì wà láàárín rẹ̀ àti Fẹnẹsúẹ́là. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ló ti di bí ìjọba ìbílẹ̀ kan lábẹ́ Netherlands, ṣùgbọ́n dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná. Èdè ilé wọn ni Papiamentu, tí Potogí, Sípáníìṣì, Dọ́ọ̀ṣì àti èdè ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn, ó kọjá. Èmi àti ìyàwó mi ti kó ìwé báǹkì, ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé ilé kalẹ̀ kí wọ́n tó fún wa ní físà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

N kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó sí mi lọ́rùn, wọ́n fún mi ní awò ńlá kan tó bo ojú àti imú, àti ọ̀pá rọ́bà kan tí èèyàn ń gé mẹ́nu tí orí rẹ̀ máa ń yọ síta omi. Èèyàn á kàn dojú bolẹ̀, á máa léfòó, á máa mí. Mo bi ọkọ ọmọ mi pé kí ló dé tí wọn ò ṣe ọ̀pá yìí kó gùn, kí n lè sún mọ́ ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo lọ wá ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Omi wúwo ju bí a ṣe rò lọ: bí àyà èèyàn bá ti wọ inú rẹ̀ tó mítà kan, omi á ti tẹ àyà náà débi pé kò ní lágbára tó láti fa atẹ́gùn láti òkè wá. Tí ọ̀pá bá sì gùn, èémí tí èèyàn mí síta kò ní jáde tán kó tó tún fà á padà sínú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá náà fi kúrú.

Ohun tí mo rí nísàlẹ̀ kọjá ohun tí mo lè ròyìn. Iyùn tí àwa mọ̀ lọ́rùn ọba àti ìjòyè, láti Òkun Mẹditaréníà ni àwọn Potogí ti ń kó o wá fún àwọn ará etíkun wa láyé àtijọ́. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló wà ní Bonaire, tó ga bí òkìtì ọ̀gán, tó tẹ́ bí abọ́, tó tún ya bí ìwo àgbọ̀nrín. Ẹranko tíntìntín ni iyùn, kì í ṣe òkúta. Òkúta yẹn ni ilé tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ́. Ẹja kan wà tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ayékòótọ́, ó ń họ ara òkúta náà jẹ, èèyàn sì ń gbọ́ ìró eyín rẹ̀ lábẹ́ omi kedere. Ohun tó bá yà sílẹ̀ ni iyanrìn. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ilẹ̀ olóoru, iyanrìn funfun tí àwọn olówó ń sanwó láti sùn lé lórí, ìgbẹ́ ẹja yìí ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi kò tún jókòó sórí iyanrìn mọ́ lẹ́yìn tí mo sọ fún un.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Kí ló jẹ́ kí omi Bonaire mọ́ tó báyìí? Òjò kò pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí odò ńlá kankan tó ń gbé ẹrẹ̀ lọ sínú òkun láti bo iyùn mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, nítorí náà omi ìwọ̀ oòrùn dákẹ́ rọ́rọ́. Ìjì ńlá tó ń da Kàríbíánì rú sábà máa ń gba àríwá kọjá. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Captain Don Stewart, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, òun ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi tí àwọn omùwẹ̀ ayé ń wá. Ní 1971 wọ́n fòfin de fífi ọ̀kọ̀ pa ẹja, ní 1979 wọ́n sì sọ gbogbo omi tó yí erékùṣù náà ká, títí dé ibi tó jìn tó 60 mítà, di ọgbà tí ìjọba ń dáàbò bò.

Ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn kan náà ló lé ọmọ ibẹ̀ jáde. Ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ sí kò gba iṣu, kò gba ìrèké. Iyọ̀ ló mówó wọlé níbẹ̀, àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ló sì ń fi ọwọ́ wọn kó o nínú oòrùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ahéré òkúta tí wọ́n kọ́ fún wọn ní nǹkan bí 1850. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga kọjá ìbàdí mi. Ní Rincon, ní ìhà kejì erékùṣù, ni ìyàwó àti ọmọ wọn ń gbé. Wọ́n ní wákàtí méje ni wọ́n fi ń rìn lọ bá wọn lópin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn tí oko ẹrú wọn parí ní 1863, iṣẹ́ kò tó. Àwọn kan lọ gé ìrèké ní Kúbà. Nígbà tí Shell kọ́ ilé ìfọpo sí Curaçao ní 1918, àwọn ọkùnrin Bonaire wọ́ lọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà sí Aruba, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ṣé ẹ rí i: àìsí òjò tó fọ omi mọ́ fún àlejò ni àìsí òjò tó sọ onílé di aṣíkiri.

Àwọn tó jókòó ní kíláàsì mi kò ní gbàgbé Ravenstein. Ní 1885 ló kọ ọ́ pé ibi tí ọ̀wọ́ èèyàn bá ti ń ṣàn lọ, ọ̀wọ́ mìíràn á máa ṣàn padà bọ̀. (Jámánì ni wọ́n bí òun náà sí, ó wá di ará England.) Mo máa ń kọ́ yín pé ìyà ń tì, ìgbádùn ń fà. Mo ti yí ohùn padà díẹ̀. Ẹni tí ìyà jẹ jù kì í sábà lọ jìnnà, torí kò rówó ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ ni ẹni tó ti ní díẹ̀, tó sì ti rí ibòmíràn lójú tàbí lórí fóònù. Àwọn tọkọtaya Lọ́ńdọ̀nù yẹn àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kò yàtọ̀ síra nínú èyí. Gbogbo wọn fojú rí ìgbésí ayé mìíràn, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè tà. Ìwé ìrìnnà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan máa ń fi han, á kọjá. Èkejì á kó ìwé ilé kalẹ̀. Òyìnbó tilẹ̀ ní orúkọ méjì fún wọn, expat fún tiwọn, immigrant fún tiwa. Àtìpó ni Yorùbá ń pe gbogbo wa, ó sì tó.

Ní 2010, àwọn tó ń gbé Bonaire fi díẹ̀ lé ní 15,000. Ní 2024, wọ́n ti lé ní 25,000. Àwọn àlejò ló pọ̀ jù nínú àfikún yìí, láti Netherlands, láti Amẹ́ríkà, láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń lọ ka ìwé ní Netherlands, púpọ̀ nínú wọn kì í padà.

Ilé màmá àgbà kan ní Rincon la wọ̀ sí. Ó se ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi ń túmọ̀. Ó ní òun ní ọmọ méjì, àwọn méjèèjì wà ní Netherlands. Èyí ọkùnrin fẹ́ padà wálé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba owó Yúróòpù ló ń dá iye tí ilé ń lọ báyìí, owó oṣù Bonaire kò sì lè bá wọn dù ú. Òun ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé tí òun fi pa mọ́ fún un. Ìgbà mẹ́ta ni àlejò kan ti wá bẹ òun pé kí òun tà á.

Ó wá kọjú sí mi: "Bàbá, ọmọ mélòó lẹ ní?"

Mo ní mẹ́ta.

"Mélòó ló wà nílé?"

N kò lè dáhùn. Ìyàwó mi ló ní kò sí. Màmá náà mi orí, ó bu ọbẹ̀ kún àwo mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tún lọ. Ó ní apá kan lára iyùn tí mo rí ti kú, ó funfun bí egungun, torí àrùn kan tó ń jẹ ẹran ara iyùn ti dé ibẹ̀ láti 2023. Màmá Rincon ṣì wà. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì wà nílẹ̀, koríko ti hù níbẹ̀, àlejò sì ti kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó bi ọmọ mi bóyá ẹnikẹ́ni ti padà sọ́dọ̀ èmi àti ìyá rẹ̀. Ọmọ mi ní òun kàn ń wo ilẹ̀.