Iṣẹ́ Ni Ìtọ́jú Àgbà, Ó Tó Gbowó Lé

Ní àdúgbò ọlọ́jà bíi Pessu ní Warri, ẹni tó bá lágbára kì í pẹ́ nílé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn arúgbó àti ọmọdé ló ń kù sílé. Ta ló wá ń wẹ arúgbó, tó ń bọ́ ọ, tó sì ń rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ilé ni, tàbí ọmọ-ọmọ, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti abúlé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn níṣẹ́ náà rí.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yí i padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì, kí egbò má baà dá sí i ní ìdí àti ẹ̀yìn. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì dáadáa, ìjókòó ló yẹ kó wà kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra kì í ṣe ẹni tí à ń bá jà tàbí tí à ń pè ní àjẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Láti 2015 ni wọ́n ti ṣètò ẹ̀kọ́ oníkókó 15 fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ wọ́n wọn, wọ́n ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun ní February 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó kàwé yanjú sì lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú náà, tí wọ́n ń pè ní “care”. Ní March 2024, wọ́n ní kí àwọn olùtọ́jú náà má mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní July 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà pa fún ẹni tuntun láti òkè òkun.

Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ibùdó ìtọ́jú àgbà, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, ní 2012. Òfin 2017 ló dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ ní Àbújá, Dókítà Emem Omokaro sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú inú ilé kò sí lábẹ́ ààbò kankan lórí owó. Owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní 2024, àmọ́ òfin owó oṣù náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé wo ló ní òṣìṣẹ́ 25?

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó wà ní Leeds ń fi owó ránṣẹ́ sí Warri, àmọ́ owó kì í yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Delta lo àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Warri láti kọ́ àwọn olùtọ́jú, kí ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ san owó gidi fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ sì fún un lọ́jọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀.