Joshua Abraham Norton

Joshua Abraham Norton (tí ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kínní, ọdún 1880) jẹ́ oníṣòwò ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, tí ó fi ara rẹ̀ jẹ ọba lórí gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò sí afọbajẹ kankan tí ó yàn án, kò sì ní ọmọ ogun. Síbẹ̀ ó lò ju ogún ọdún lọ lórí oyè náà. Góòlù tí wọ́n rí ní Kalifóníà ní ọdún 1848 ti kó onírúurú ènìyàn tí ìwà wọn ṣàjèjì jọ sí ìlú náà, ṣùgbọ́n òun ni orúkọ rẹ̀ tàn jùlọ nínú wọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, Gúúsù Áfíríkà ni ó sì gbé dàgbà. Ó dé San Francisco ní ọdún 1849, ó sì di ọlọ́rọ̀ níbẹ̀. Ìrẹsì ni ó bà á jẹ́. Ní ọdún 1852, ìyàn mú ní Ṣáínà, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin de kíkó ìrẹsì jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n ìrẹsì dé bá San Francisco. Norton ra gbogbo ìrẹsì inú ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ti Peru wá, ó rò pé òun nìkan ni yóò rí i tà. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ mìíràn fi gbé ìrẹsì dé láti Peru kan náà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Àwọn tí ó tà á fún un pè é lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà fà gùn, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà sì dá a lẹ́bi. Gbèsè gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1859, ó mú ìkéde oyè rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Bulletin, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ó yá, ó fi oyè aláàbò Mẹ́síkò kún un. Ó pàṣẹ pé kí ilé aṣòfin àpapọ̀ túká, àwọn aṣòfin kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Àṣẹ tí ó pa ní ọdún 1872 yàtọ̀: ó ní kí wọ́n ṣe afárá láti Oakland dé San Francisco, kí ó gba orí erékùṣù tí ó wà láàárín wọn kọjá. Ọ̀nà yẹn gan-an ni afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1936 gbà.

Aṣọ ológun àlòkù ni ó máa ń wọ̀, pẹ̀lú fìlà tí a fi ìyẹ́ sí. Ó tẹ owó bébà tirẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ kan sì ń gbà á. Àwọn ìwé kan sọ ọ́ di aláwàdà lásán, èyí kò sì tọ́ rárá. Ní ọdún 1867, ọlọ́pàá kan mú un pé orí rẹ̀ kò pé, kí wọ́n lè fi í sí ìtọ́jú ní túláàsì. Àwọn ìwé ìròyìn fi ìbínú kọ̀wé, ọ̀gá ọlọ́pàá, Patrick Crowley, sì tú u sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ń kí i bí ẹni ń kí ọ̀gá ológun. Nínú ìkànìyàn ọdún 1870, ọba ni wọ́n kọ pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀bá òpópónà ni ó ṣubú sí tí ó sì kú. Yàrá kékeré kan ni ó ń gbé, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó sin ín. Àwọn oníṣòwò ìlú ni wọ́n san owó ìsìnkú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì jáde wá. Ní ọdún 1934, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Colma, wọ́n sì kọ oyè rẹ̀ méjèèjì sára òkúta ibojì náà.