Nọ́ńbà tó fara pamọ́

A ti mọ bí a ṣe ń ro nọ́ńbà pọ̀ àti bí a ṣe ń yọ ọ́. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wá nọ́ńbà tó fara pamọ́.

Wọ́n gbé àpò òwú kan sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ní kílò 53. Àpò òfìfo jẹ́ kílò 3. Òwú ńkọ́? A kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká pè é ní x. A ó kọ ọ́ báyìí:

x + 3 = 53

Àmì = yìí ń sọ pé òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Ohun tí a bá yọ ní òsì, ká yọ ọ́ ní ọ̀tún pẹ̀lú. A yọ 3 níhìn-ín, a yọ 3 lọ́hùn-ún: x = 50. Bí ẹni tó ń rà bá kọ 45 sínú ìwé, kílò 5 ti lọ nìyẹn. Bí kílò 1 bá jẹ́ 200 fáráǹkì, 1 000 fáráǹkì ló sọnù.

Al-Khwarizmi kọ ìwé lórí ìṣirò yìí ní Bàgídádì, ní nǹkan bí ọdún 820. Òun ni àwọn ọmọ yín ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí èdè Faransé ń pè ní algèbre.

Ẹ yan ìdáhùn tó tọ́:

1. Àgbẹ̀ kan ta ewúrẹ́ 5, ó ku 7. Mélòó ló ní tẹ́lẹ̀?
x − 5 = 7
(a) 2 (b) 12 (d) 35

2. Ìyá kan ra ike epo 4, iye kan náà. Ó san 6 000 fáráǹkì. Èló ni ike 1?
4 × x = 6 000
(a) 1 200 (b) 1 400 (d) 1 500

3. 500 fáráǹkì wà nínú àpótí èésú. Ènìyàn 10 dá iye kan náà sí i. Ó di 10 500. Èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá?
10 × x + 500 = 10 500
(a) 1 000 (b) 1 050 (d) 1 100

Ẹ má ṣe méfò. Ẹ fi ìdáhùn tí ẹ yàn sí ipò x, kí ẹ tún un ṣe. Nínú ìbéèrè 1, ẹni tó bá kánjú á yọ 5 kúrò nínú 7, á mú 2. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ewúrẹ́ 2, báwo ló ṣe fẹ́ ta 5? 12 − 5 = 7: b ló tọ́.

Ìdáhùn 2: d. Ìdáhùn 3: a.

Ẹni tó bá lè wá nọ́ńbà tó fara pamọ́, wọn kì í tètè rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà.