Nọ́ńbà Tí Ń Sọ̀rọ̀: Owó Ìtọ́jú Iṣan Ẹsẹ̀ Tí Ó Dí

Nílùú Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Adétòyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 títí di 1975, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nínú ìlù lílù, kò ṣòro láti yé ènìyàn pé ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lè dúró fún ọ̀rọ̀. Ohùn nìkan ni dùndún ń gbé jáde. ‘Igbá’ àti ‘ilé’, ọ̀kan náà ni wọ́n lórí ìlù. Onílù ní láti fi gbólóhùn gígùn yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn ń kọ sínú ìwé owó kò gba irú iyèméjì bẹ́ẹ̀.

Bí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ bá dí, ẹran ẹ̀yìn ojúgun a máa ro aláìsàn bí ó bá ń rìn, a sì rọlẹ̀ bí ó bá dúró. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí ń fà á. Dókítà lè ti bàlúùnù kékeré wọ inú iṣan náà, kí ó fẹ́ ẹ láti la ọ̀nà; ó sì lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun bí àwọ̀n síbẹ̀ kí ọ̀nà má baà tún padé. Ní Amẹ́ríkà, láti 2011 títí di 2025, 37224 ni ti bàlúùnù nínú iṣan itan, 37226 ni ti irin. Níwọ̀n bí 37226 ti kó iṣẹ́ bàlúùnù mọ́ra, ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ gba owó méjèèjì lórí iṣan itan ẹsẹ̀ kan náà. Ní 2026 ni nọ́ńbà tuntun rọ́pò wọn.

Ti Amẹ́ríkà ń ròyìn iṣẹ́ tí ó ti parí. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà àṣẹ ni ó ń ṣáájú. Nínú ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ilé ìwòsàn tí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ sí ní Ẹdẹ ní láti gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó owó rẹ̀, kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀, àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ pàjáwìrì. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í sì í dúró de ìwé: egbò ọmọ ìka a máa jẹrà títí yóò fi di gígé. Ní 2025 ni àjọ adójútòfò ìlera pàṣẹ pé nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú aláìsàn.

Ti ẹni tí ó wà nínú ètò nìyẹn. Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò nílò nọ́ńbà kankan. Owó ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.