Ètò Olùdíje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún Àwọn Àdúgbò Ìbàdàn

Ètò olùdíje ni àkójọ iṣẹ́ tí ẹni tó fẹ́ wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣèlérí láti ṣe fún ẹkùn ìdìbò rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, aṣojú 32 ló wà ní Ilé náà, Sẹkitéríàtì Ìjọba ní Agodi, Ìbàdàn, ni wọ́n sì ti ń jókòó. Ní àwọn àdúgbò bíi Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, ọ̀nà, gọ́tà, omi, iná mànàmáná àti ààbò ni irú ìlérí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá lé lórí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ tí òfin fi lé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọ̀ràn kan wà ní ìkáwọ́ Ilé náà gan-an, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí pátákó ìpolongo.

Ẹkùn ìdìbò àti ẹni tó lè díje

Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ ti Ìbàdàn: márùn-ún ní ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn odi ìlú. Bódìjà àti Agbowó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ wà ní Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ agbègbè Ring Road àti Challenge sì bọ́ sí Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Àríwá àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ní aṣojú méjì méjì. Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹyọ kan.

Abala 106 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní kí olùdíje jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó kàwé dé ìwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ girama ó kéré tán, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Ọjọ́ orí tó kéré jù jẹ́ ọdún 30 tẹ́lẹ̀, kí àtúnṣe ọdún 2018 tó sọ ọ́ di 25. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Adébọ̀ Ògúndoyin, aṣojú Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, di abẹnugan Ilé náà ní ẹni ọdún 32.

Ìbúgbàmù Bódìjà àti ààlà agbára aṣòfin

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù ńlá kan mi ìlú Ìbàdàn láti Bódìjà Àtijọ́. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, ilé tó bàjẹ́ sì pọ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á.

Olùdíje tó bá sọ fún àwọn ará Bódìjà pé òun yóò ṣòfin lórí ohun abúgbàmù tàbí lórí ìwakùsà ti ṣèlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ òun. Àwọn méjèèjì, àti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú, wà nínú àkójọ tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní Abuja nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìlò ilé yàtọ̀. Ní 2003, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Nítorí náà, aṣòfin lè béèrè ẹni tó ń yẹ ilé gbígbé wò, iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà, àti ìyà tó tọ́ sí ẹni tó sọ yàrá di ibi ìkẹ́rùsí. Abala 128 tilẹ̀ fún Ilé náà ní agbára láti ṣe ìwádìí nípa bí àwọn tó wà nídìí òfin rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí ṣe kókó ní Bódìjà, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà yẹn dá sílẹ̀ fún ilé gbígbé, tí ṣọ́ọ̀bù, báńkì àti ọ́fíìsì ti wọ inú rẹ̀ káàkiri.

Omíyalé, ọjà àti gáréèjì

Odò Ògùnpa kún bo ilé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tún gbé afárá àti ilé lọ. Ìkọ̀ọ̀kan wọn pa ju 100 ènìyàn lọ. Lẹ́yìn èkejì, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn.

Àfikún Kẹrin Òfin-ìpìlẹ̀ fi ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, ọjà àti gáréèjì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Alága ló yẹ kí ó gbẹ́ gọ́tà. Òfin tó sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí odò tó, ti ìpínlẹ̀ ni. Ní ti gáréèjì, ìwé òfin àti ìṣe kì í fìgbà gbogbo bára mu: ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dúró nínú gáréèjì Ọ̀yọ́ ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2019.

Owó ilé ní Agbowó

Agbowó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà a máa wá yàrá níbẹ̀, a sì máa bá owó ejẹ́ńtì àti owó àdéhùn pàdé lórí owó ilé. Yunifásítì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n àjọṣe onílé àti ayálégbé wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Òfin tí Èkó ṣe ní 2011 ka gbígba owó tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀. Bóyá onílé ń tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Olùdíje tó bá fẹ́ wúlò fún Agbowó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí, dípò kànga ẹ̀rọ.

Ètò ìṣúná

Kànga ẹ̀rọ àti tiransifọ́mà ni àwọn ènìyàn fi ń mọ aṣòfin tó ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin-ìpìlẹ̀ kò sọ ọ́ di ojúṣe rẹ̀. Ojúṣe rẹ̀ gan-an ni àbá ìṣúná tí gómìnà gbọ́dọ̀ gbé wá síwájú Ilé lábẹ́ Abala 121 kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ Challenge tàbí Dùgbẹ̀ tí kò bá sí nínú ìwé náà kò ní owó nínú àpò ìpínlẹ̀.

Owó ìjọba ìbílẹ̀ ti fa ẹjọ́ púpọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé títú tí gómìnà Ọ̀yọ́ tú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn ká ní 2019 kò bófin mu. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo Nàìjíríà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn.

Bí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin láàárín ọjọ́ 30, ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, aṣojú 22 nìyẹn. Lẹ́yìn ìdìbò 2019 àti 2023, ẹgbẹ́ gómìnà, PDP, ló pọ̀ jù nínú Ilé náà.