Ta Ni Olówó, Ta Ni Ìránṣẹ́? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Niger

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kọ́ ìránṣẹ́ lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n ẹni tí ó rán an ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn onípìn-ín a dá owó jọ, wọn a sì gba ọ̀gá kan láti máa bójú tó o. Owó tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, owó tí òun náà fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀, àti èrè tí ó ń sọnù nítorí pé ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ wọn, ni ìnáwó aṣojú tí Jensen àti Meckling ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Bí onípìn-ín bá pọ̀ bí yanrìn, kò sí ẹni tí yóò yẹ ìwé ìṣirò wò. Bí olówó ńlá kan bá wà, yóò ṣọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ òun náà?

Ẹ wo Niger. Ní ọdún 1968 ni wọ́n dá SOMAIR sílẹ̀ láti máa wa uranium ní Arlit, ní aṣálẹ̀ àríwá. Nígbẹ̀yìn, Orano ti ilẹ̀ Faransé ni ó ní ìpín 63.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Sopamin, tí í ṣe ti ìjọba Niger, ní 36.6. Orano ni ó ń darí iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń ra púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wà jáde. Ẹni tí ń tà a fẹ́ kí ọjà wọ́n, ẹni tí ń rà a fẹ́ ẹ̀dínwó. Kí ni ẹni tí ó jẹ́ méjèèjì yóò fẹ́? Abájọ tí àríyànjiyàn lórí owó-orí àti iye ọjà fi pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù karùn-ún ọdún 2014.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba ológun kéde pé SOMAIR ti di ti orílẹ̀-èdè. Orano sì ta kò ó. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù: a kò bá ọmọ onílẹ̀ jà nítorí ohun ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni olówó náà gan-an? Kì í ṣe mínísítà. Ìyá tí ń pàtẹ ọjà ní Poudrière, àdúgbò kan ní Niamey, olú-ìlú, ni. Ìjọba jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì jẹ́ ìránṣẹ́ ìgbìmọ̀. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí wọn, kò lè ta ìpín rẹ̀. Àwọn ológun tí wọ́n gbàjọba ní ọdún 2023 kì í sì í ṣe ẹni tí ó dìbò yàn. A ti lé olówó ńlá lọ, ṣùgbọ́n okùn àwọn ìránṣẹ́ ti gùn sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti ka ìwé ìṣirò bí wọ́n ti ń ka ìwé ìtàn. Kí ilé-iṣẹ́ tí í ṣe ti ará ìlú máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ọ̀gá sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Orílẹ̀-èdè tí ó gba ohun ìní rẹ̀ tí kò sì ṣọ́ ọ, ọ̀gá lásán ni ó pààrọ̀.