Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá àwọn onímọ̀ wá oògùn

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì nì, Paul Ehrlich, ti ní i lọ́kàn pé kí oògùn dà bí ọta ìbọn tí kì í tàsé: kòkòrò àìsàn nìkan ni kí ó bà, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ara aláìsàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe oògùn ti ń wá ojúkò kan ṣoṣo tí wọn yóò dojú oògùn kan ṣoṣo kọ.

Ọ̀nà yìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àìsàn bíi jẹjẹrẹ, bí a bá dí ọ̀nà kan mọ́ ọn, a máa gba òmíràn. Ìdí nìyí tí Andrew Hopkins ti Yunifásítì Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, fi gbé èrò mìíràn kalẹ̀ lọ́dún 2007. Network pharmacology ni ó pè é. A lè pè é ní ìmọ̀ oògùn alásopọ̀.

Ẹ wo àwọ̀n apẹja: kókó rẹ̀ pọ̀, okùn ló sì so wọ́n pọ̀. Nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà, àwọn èròjà purotéènì inú ara, àìsàn àti oògùn ni kókó. Ìbáṣepọ̀ àárín wọn ni okùn. Àwọn onímọ̀ á wá wò ó: kókó wo ni a ó fọwọ́ bà pọ̀ tí àìsàn yóò fi túká, tí ohun tó dára nínú ara kò sì ní bàjẹ́?

Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, ilé iṣẹ́ BenevolentAI ní London wá inú irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Baricitinib ni wọ́n nàka sí, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú irú làkúrègbé kan. Àwòrán kọ̀ǹpútà nìkan kò tó, wọ́n ní láti dán an wò. Nínú ìdánwò RECOVERY ní Bìrìtìkó, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022, àwọn aláìsàn tó kópa lé ní 8,000. Nínú 100 àwọn tí kò gba oògùn náà, bíi 14 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú 100 àwọn tó gbà á, bíi 12 ni.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé: àgbo tiwa ńkọ́, tí ewé, egbò àti èèpo igi pọ̀ nínú rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ti ń fi ìmọ̀ yìí yẹ àdàpọ̀ egbòogi wò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí a kó sínú rẹ̀ lọ. Ó lè sọ pé èròjà inú ewé kan bá ogún kókó tan, síbẹ̀ kí èròjà náà má dé inú ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó sì lè jẹ́ pé okùn kan náà so mọ́ ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín, kí ó ṣe é léṣe.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti jẹ́rìí sí àgbo kan, ẹ bèèrè pé: ènìyàn mélòó ni wọ́n ti dán an wò lára wọn? Ẹ má sì torí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pa oògùn tí dókítà kọ fún yín tì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tí a yà sórí ìwé ló dé ọjà.